Ọkùnrin Tí Wọ́n Fi Ẹnu Rì Sínú Adágún

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, tí ẹ rò pé àwọn oníjìbìtì nìkan ló ń parọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọmọbìnrin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jí abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Ó kàn fi ẹnu ara rẹ̀ pa ọkọ àǹtí rẹ̀ ni, ó sì ń pa á láàárọ̀, ó ń pa á nírọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ Ajé tí wọn kì í ṣiṣẹ́.

Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Atọ́nà ni. Bí ọkọ̀ bá já àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sí èbúté, yóò dé fìlà búlúù sí wọn lórí, yóò na agboòrùn pupa rẹ̀ sókè kí wọ́n lè máa rí i, wọ́n á kọ́kọ́ lọ sí ilé ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ tí kò tan iná fún ọkọ̀ ojú omi mọ́. Láti ibẹ̀, wọ́n á lọ sí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yí po lójú sánmà, níbi tí àwọn ọkùnrin tó ti ń fọ́nnu láti èbúté ti máa ń di ìyàwó wọn mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Lẹ́yìn náà ni ọgbà òdòdó. Lẹ́yìn ọgbà òdòdó ni ilé ẹja, níbi tí àwọn ẹja ńlá ti ń wẹ̀ kiri lẹ́yìn gíláàsì, tí wọ́n ń wo àwọn àlejò bí ẹni pé àwọn àlejò ló wà nínú àhámọ́.

Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi ibì kan.

Láàárín ọgbà òdòdó àti ilé ẹja, òpópónà gígùn kan wà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ilé, géètì, ilé, géètì, ajá tó ń sùn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń ro àwọn àlejò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ fóònù jáde, ibẹ̀ ni ọmọ wọn ti máa ń bú sẹ́kún. Bí wọ́n bá sì padà dé ibùwọ̀ wọn, tí wọ́n fẹ́ fún atọ́nà ní ìràwọ̀ lórí fóònù, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí.

Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó jẹ́ pé ìgbà tó bá fẹ́ léèyàn kúrò níbì kan nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, pe Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ sí ọ́fíìsì.

"Wọ́n ń yán níbẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Mo rọra tẹ̀ lé yín lánàá. Ọ̀kan yán títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé eṣinṣin mì."

"Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà yẹn, Mà. Ilé àwọn èèyàn ni."

"Wá nǹkan sí i."

"Níbo ni kí n ti rí i, Mà?"

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń pè ní Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀? Rọ̀ ọ́."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé òpópónà yẹn gan-an ni ilé àǹtí rẹ̀ wà. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà, tó rán aṣọ iléèwé fún un, tó ń fi ìpara pa á lára, tó ń fi ojú sọ̀rọ̀ fún un níwájú àlejò. Aránṣọ ni Àǹtí. Ojú fèrèsé òkè ni ìmọ́lẹ̀ dára sí jù nínú ilé náà, ibẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, tó kọjú sí adágún. Bí agboòrùn pupa bá ti yọ ní ìsàlẹ̀, Àǹtí á gbórí sókè, á juwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ á juwọ́ padà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ Àǹtí ńkọ́? Bàbá Atukọ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ọkọ̀ ojú omi ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọjọ́ tó sì fẹ̀yìn tì náà ló kẹ̀yìn sí adágún, ó ní òun ò fẹ́ rí omi mọ́ àfi èyí tó bá wà nínú ife. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé látàárọ̀ dalẹ́, nínú ahéré onípáànù kan, tó ń tú aago àwọn aládùúgbò. Títú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Títò ó padà ló ń fa ìjà.

Ẹni tó bá gba iwájú ilé kọjá kò lè mọ̀ pé ọkùnrin kankan wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ń ta, ẹsẹ̀ àwọn àlejò ti wúwo. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn dúró, ó nàka sókè.

"Ta ni ìyá yẹn tó jókòó sójú fèrèsé?"

Èsì rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. *Àǹtí mi ni.* Ó tilẹ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ó rí obìnrin kan tó ti ń la ẹnu bọ̀ wá yán, ohùn ọ̀gá sì ta sí i létí.

"Háà," ló wí, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká rọra rìn níbí. Ó ń dúró de ọkọ rẹ̀ ni."

Ẹnu obìnrin tó fẹ́ yán pa dé.

"Ọkọ rẹ̀ dà?" ni bàbá arúgbó bi í.

Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ kàn kọjú sí adágún, ó rọra mi orí. Ẹ gbọ́, ó ṣì lè búra nígbà yẹn pé òun ò parọ́. Kò sófin tó ní kéèyàn má wo omi.

Àkókò yẹn gan-an ni Àǹtí rí agboòrùn pupa, tó na ọwọ́ sókè, tó ń jù ú bó ṣe máa ń jù ú.

"Ó ń juwọ́ sí wa!"

"Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa ń juwọ́ sí," ni Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ti dùn. "Bóyá ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ òun."

Bàbá arúgbó ṣí fìlà. Obìnrin tó fẹ́ yán lẹ́ẹ̀kan sunkún débi pé ó fi etí aṣọ ọkọ rẹ̀ nu imú. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ìràwọ̀ tí wọ́n fún Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju ti ojú ọ̀run lọ.

Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má wò mí.

Kò pẹ́ tí ìtàn náà fi sanra. Ìjì wọ inú rẹ̀. Ìgbéyàwó wọ inú rẹ̀: ọjọ́ kejì ìgbéyàwó lọkọ wọ ọkọ̀, ó ní òun ń bọ̀ kí ọbẹ̀ tó hó. Ẹ̀wù kan wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ Àǹtí, tí í ṣe ṣòkòtò ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan tí ìdí rẹ̀ ya, di ẹ̀wù tí Àǹtí ń rán de ọkọ rẹ̀ lọ́dọọdún.

"Ó sì máa ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i," ni Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ máa ń wí, á tún wo fèrèsé lókè. "Torí èèyàn máa ń sanra."

Ibi tí wọ́n ti ń ké jù nìyẹn.

Kí àṣírí má baà tú, ó tún máa ń rọ̀ wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan péré, egbò yẹn á tún ṣí." Àwọn àlejò á gbé ìka lé ẹnu, wọ́n á máa yọ́ ẹsẹ̀ kọjá bí ẹni pé ilé náà ń tòògbé. Ọmọ ọlọ́gbọ́n! Kò ṣáà bi ara rẹ̀ pé egbò ta ni.

Kò pẹ́ tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Nínú ọgbà òdòdó ni àwọn àlejò ti ń rà á, wọ́n á kó o sẹ́nu géètì, wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á lọ. Inú Àǹtí dùn. Ó kó o sínú ife, ó kó o sínú ìkòkò, ó kó o sínú bàtà òjò ọkọ rẹ̀ tí kò wọ̀ mọ́.

"Ta ló ń fún ọ ní òdòdó?" ni Bàbá Atukọ̀ bi í.

"Àwọn àlejò ọmọ wa ni. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ mi ní rere fún wọn."

"Rere wo? Èmi náà mọ̀ ọ́ ní rere, ṣé mo ń gbé òdòdó wá ni?"

"Àní ohun tí mò ń rò náà nìyẹn," ni Àǹtí wí.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí aago rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà ní iwájú ilé.

Wàhálà dé tán lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan wá, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó sì ti ń wojú obìnrin kiri láti orí ilé ìmọ́lẹ̀. Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ sọ ìtàn rẹ̀, ó ti ń kó wọn lọ sí ilé ẹja, kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti yà sẹ́yìn. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó ki òdòdó mọ́ àyà, ó gbóhùn sókè.

"Mà! Ẹ má dúró dè é mọ́! Ẹni tó lọ ti lọ! Èmi ń bẹ níbí!"

Bàbá Atukọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ̀, ó gbé aago kan lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lókè, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà torí kò gbọ́ ohun tó ń wí nítorí ariwo ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà fi ẹnu ko ọwọ́ ara rẹ̀, ó fẹ́ ẹ sókè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sínú ahéré aago.

Àǹtí ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. "Máa bọ̀. Ìwọ lẹnu rẹ dùn nínú wa. Wá bá mi bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Kò dá mi lóhùn mọ́, oúnjẹ ni mo máa ń gbé síwájú ahéré bí ẹni pé ajá ló wà níbẹ̀."

Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ jókòó sáàárín àwọn méjèèjì nínú pálọ̀, ó ń lóògùn. Òdòdó kún gbogbo ibẹ̀, pálọ̀ ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù onílọ́fínńdà.

"Wọ́n ní ẹni tó lọ ti lọ," ni Bàbá wí, ó kọjú sí ògiri. "Bi ìyá rẹ. Ta ló lọ? Ibo ni mo lọ?"

"Ẹ̀yin ni kí n bi! Mi ò mọ ọkùnrin yẹn rí!" Àǹtí kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo ń sọ fún wọn gan-an nípa mi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáríjì, ibẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. Ọmọbìnrin yìí wo ojú àǹtí tó tọ́ ọ, ojú tó gbà á gbọ́ pátápátá, ẹ̀rù bà á.

"Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ mọ aṣọ rán jù létí adágún."

Àǹtí rẹ́rìn-ín músẹ́ láìfẹ́. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí, Bàbá?"

"Ti ọkùnrin yẹn ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Wèrè ni, Bàbá. Àwọn àlejò yìí, oríṣiríṣi wọn ló wà."

Bàbá jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ń dún lọ́nà tí kò yé e, á tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó ṣáà dìde, ó padà sí ahéré.

"Ó ti gbà," ni Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ wí.

"Kò gbà," ni Àǹtí dáhùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mo mọ ìrìn rẹ̀. Ó fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni. Ọjọ́ ogbó wa, nítorí òdòdó! Ọmọ mi, bí ó bá lọ, kí ni màá ṣe?"

Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ sunkún dé ilé. Ó pinnu pé lọ́la, òun á sin ìtàn náà. Ó dé èbúté láàárọ̀, ọ̀gá ti gbé pátákó ńlá kan kalẹ̀, wọ́n ya fèrèsé Àǹtí sí i, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: *FÈRÈSÉ ÌYÁ TÓ Ń DÚRÓ.* Wọ́n tò ó ṣíwájú ilé ìmọ́lẹ̀!

"Mà, mo fẹ́ ká yọ ti fèrèsé yẹn kúrò."

"Èwo? Èyí tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Àṣírí ìdílé ni, Mà."

"Àṣírí tó wà lórí pátákó?" ni ọ̀gá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ rí ẹ̀rín yẹn, ó gbé agboòrùn rẹ̀.

Ká ní ó wo ẹ̀yìn dáadáa lọ́jọ́ náà ni, ìbá rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó fa fìlà búlúù bojú, tó wọ jígí dúdú, tó fi ṣíkáàfù di ẹnu bí ẹni tí eyín ń ro. Ṣùgbọ́n àwọn atọ́nà kì í wo ojú. Fìlà ni wọ́n ń kà.

Wọ́n dé iwájú ilé. Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ wò yíká, ó rí i pé ẹ̀yìnkùlé dákẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ronú pé òun á gé e kúrú lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti yọ áńkáṣíìfù. Ẹni tó bá ní ẹnu bíi tirẹ̀, tó rí áńkáṣíìfù tí kò tíì rin, bí ẹni tí ebi ń pa tó rí àwo oúnjẹ ni.

Ó sọ ọ́, ó lọ́ ọ, ó fi iyọ̀ sí i. Ó dé ibi ìjì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn, nínú ṣíkáàfù. "Ta ló ń wa ọkọ̀ náà?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Sà. Atukọ̀ ni."

"Atukọ̀ tó mọṣẹ́?"

Àwọn àlejò ṣe ṣìọ̀ sí i pé kó dákẹ́, kó jẹ́ káwọn sunkún.

"Ká sòótọ́, Sà," ni Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ wí, ó sì ṣe ojú àánú, "kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n wà. Ìjì dé, ọkàn rẹ̀ pòrúurùu, ó dorí ọkọ̀ kọ ibi tí kò yẹ."

"Ọkàn ta ló pòrúurùu?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kì í ṣe ikú ló dun Bàbá. Ó ti gbọ́ ikú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kò mọ ọkọ̀ wà! Ó fa ṣíkáàfù já, ó ṣí jígí, ó sọ fìlà búlúù mọ́lẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wa ọkọ̀ lórí omi yìí, mi ò forí ọkọ̀ gbá pákó èbúté rí! Ìjì wo? Ìjì tó bá rí mi ló ń yà fún mi! Nígbà tí mò ń rì, ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí?"

Agboòrùn pupa bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un.

Obìnrin kan lára àwọn àlejò ló kọ́kọ́ pariwo. "Òun ni! Ó ti dé! Ọkọ rẹ̀ ti dé!"

Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ? Wọ́n bò ó. Ẹni tó ń dì mọ́ ọn ń dì mọ́ ọn, ẹni tó ń sunkún ń sunkún, ọkùnrin méjì gbé e lé èjìká.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Mi ò lọ síbì kankan! Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà!"

"Ó mà ṣe o," ni ìyá àgbà kan wí, ó ń nu ojú. "Omi ti dà á lórí rú."

Àǹtí gbọ́ ariwo, ó yọjú. Ó rí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n gbé lé èjìká, tí àwọn àjèjì ń ké lé e lórí, ó rò pé ó ti kú ní tòótọ́ ni. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, téèpù ìwọnṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀wù náà rèé!" ni ẹnì kan ké. "Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó máa bá a mu!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló pa ọkọ mi lára?"

Wọ́n sọ Bàbá kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wo ojú ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ òdòdó yẹn nìyí, kò sì rí ojú náà wò dáadáa.

"Bi ọmọ rẹ," ló wí. "Òun ló pa mí."

Gbogbo ojú yí sí Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀. Fún ẹ̀ẹ̀kan, kò ṣe ohùn dídùn. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kedere: pé Àǹtí òun ni, pé ọkọ rẹ̀ kò rì, pé òun ló hun gbogbo rẹ̀ kí wọ́n má baà yán.

Ìyá àgbà tó ń nu ojú lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ bínú. "Ṣé torí rẹ̀ ni mo ṣe sunkún ba aṣọ mi jẹ́?" Ẹnì kan lọ sẹ́nu géètì, ó ṣa òdòdó rẹ̀ padà. Obìnrin tó kọ́kọ́ pariwo ń bi àwọn tó kù bóyá ilé ìmọ́lẹ̀ pàápàá jẹ́ òótọ́. Wọ́n fọ́n ká, wọ́n ń ráhùn lọ.

Àǹtí kò pariwo. Ìyẹn ló burú níbẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń juwọ́ sí ọ," ló wí. "Ìwọ ni mò ń juwọ́ sí. Kí lo sọ fún wọn pé mò ń juwọ́ fún?"

Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. "Mo ní... mo ní ẹ ń wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá."

Àǹtí ká téèpù rẹ̀ yí ìka, ó mú un kúrò lọ́rùn. "Nínú gbogbo ohun tó wà láàárín wa, o ò rí èyí tí wàá tà, àfi ìyẹn." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, fèrèsé òkè pa dé.

Òkú àti ẹni tó pa á wá dúró pọ̀ níta.

Bàbá kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ó tún kàn án.

"Bàbá," ni Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jẹ́ kí n bá yín bẹ̀ wọ́n. Mo mọ bí mo ṣe máa..."

"Ìwọ, pa ẹnu rẹ dé. Ó ti ṣiṣẹ́ tó."

Ó wá fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé aago nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹ wo bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kiri.

"Ìyá yìí. Mo ṣì ọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wèrè, mi ò bi ọ́ bó ṣe yẹ, mo kẹ̀yìn sí ọ." Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. "Òdòdó yẹn ló dùn mí. Àwọn ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ń fún ọ ní òdòdó. Èmi, mi ò fún ọ ní ewé rí."

Ohùn kan wá láti inú. "Ẹ tún un sọ."

"Mo ní mi ò fún ọ ní ewé rí."

"Ta ni kò fún mi?"

"Èmi."

Kọ́kọ́rọ́ dún. Ilẹ̀kùn ṣí, ó fẹ̀ tó ẹnì kan. Bàbá wọlé. Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ Àǹtí dá a dúró.

"Ìwọ, dúró síta. Bí mo bá fẹ́ rí ọ, mo mọ ibi tí wọ́n ń gbà wá ọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ sì mọ ohun tí ẹ̀rín yẹn túmọ̀ sí. Wọ́n gba agboòrùn pupa, wọ́n gbé Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹja, kó máa dúró tì gíláàsì, kó máa ka ohun tí wọ́n ti kọ sára rẹ̀ fún àwọn àlejò. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀gá ní ẹja ò ní ọkọ téèyàn lè pa.

Láàárọ̀, bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, á gba abẹ́ fèrèsé náà kọjá. Fèrèsé ti ṣí padà, ẹ̀rọ ń dún. Àǹtí kò gbórí sókè. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ìyà kékeré nìyẹn, ẹ ò tíì rí kí ẹni tó fẹ́ràn yín gbájú mọ́ṣẹ́ bí ẹ ti ń kọjá.

Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ tó bá dùn jù á bá ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó kọ́ láti dákẹ́. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe nira tó fún irú wọn.

Ọjọ́ Àìkú kan, ó ń ka ti ẹja kan lọ́wọ́, ó rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú èrò, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, tí aṣọ wọn gún, tí wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé bí àlejò. Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó mọ̀.

"Dìde," ni Àǹtí wí. "A ò wá kí ẹnikẹ́ni. Bàbá ní ká jáde. Ẹja la wá wò."

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ káàbọ̀, Sà."

Àǹtí wo gíláàsì. Ẹja ńlá kan dúró sójú kan nínú igun, kò mira.

"Kí ló ń ṣe ìyẹn?"

Gbogbo àwọn àlejò tó wà nítòsí yíjú sí i, wọ́n ń retí ìdáhùn. Ahọ́n Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ yún un gan-an. Ẹja yẹn ní ojú ẹni tí ayé ti ṣe ní nǹkan.

"Kò sóhun tó ń ṣe é, Mà. Ó yó ni."

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Mà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń mí."

"Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o," ni Bàbá Atukọ̀ wí, ó tẹ imú mọ́ gíláàsì. "Èmi náà ń mí."

Àǹtí fẹ́ di ẹ̀rín mú, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ọwọ́ mọ́ gíláàsì, tí ẹja fi sá kúrò nínú igun. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó bọ́ báàgì rẹ̀ kúrò léjìká, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Gbà, bá mi gbé e. Ó wúwo. Èwo ló kàn?"

Arọ̀jò-Ọ̀rọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gba báàgì náà, ó sì ṣíwájú wọn.